Ọ̀rọ̀ Tí Bàbá Fi Rán Ìyá

Ọkùnrin kan wà, ọmọ Ìdànrè, tó ń gbé ní ilẹ̀ òyìnbó, ní ìsàlẹ̀ àwọn òkè ńlá tí wọ́n ń pè ní Alps. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, kò lè lọ sílé. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde, bó bá sì jáde kúrò nílùú náà, wọn kò ní jẹ́ kó padà wọlé. Àwọn àbúrò rẹ̀ ló bu erùpẹ̀ sórí pósí, bẹ́ẹ̀ àkọ́bí ló yẹ kó kọ́kọ́ bù ú.

Nígbà tí ìwé wá jáde, ó ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Ìyá kò tíì bọ́ bàtà tó fi sọ fún un pé, "Akin, bàbá rẹ fi ọ̀rọ̀ rán mi sí ọ kó tó dákẹ́."

Nínú ẹbí wọn, wọn kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, wọn kì í sì í sọ ọ́ lórí ìdúró. Ẹni tí wọ́n rán yóò jókòó, ẹni tí wọ́n rán an sí yóò kúnlẹ̀ gbà á.

Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà. Kí ni bàbá tó ń kú lọ láìfojú kan àkọ́bí rẹ̀ tún lè sọ, bí kò ṣe èpè? Ó ní, "Ẹ sinmi ná, Màmá. Ọ̀nà yín jìn." Lọ́jọ́ kejì, ó ní iṣẹ́ ń dúró de òun. Nígbà tí kò rí àwáwí mọ́, ó ní ní òpin ọ̀sẹ̀ òun yóò kó gbogbo ilé lọ wo àwọn ibi ìtàn tó wà lórí òkè. Inú ìyàwó àtàwọn ọmọ dùn. Ìyá kàn wò ó.

Wọ́n gbéra ní àárọ̀ Sátidé. Ilé olódi kan tí ọba àtijọ́ kọ́ sórí àpáta ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Ọkùnrin náà fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ nínú ọkọ̀. "Màmá, ẹ jókòó síbí. Òkè yìí ga jù fún yín."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Èmi ọmọ Ìdànrè? Orí òkè ni wọ́n bí mi sí. Tòun ti omi lórí ni mo fi ń gùn ún. Àbí òkúta lo fẹ́ fi hàn mí ni? Òkúta ò wọ́n wa nílé o. Ìwọ ni mo wá wò. Jókòó tì mí díẹ̀."

"À ń bọ̀, Màmá. Kò ní pẹ́." Ó sì ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ẹni tó bá rí i yóò ní ọmọ gidi nìyí.

Láti ibẹ̀, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan. Ó ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà: ẹni tó kọ́ ọ, ẹni tó sun ún níná, ẹni tó tún un kọ́. Ó ń ka ìtàn òkú olókùú, kó má baà gbọ́ ti òkú tirẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Bàbá Fadékẹ́, Màmá nìkan ló wà nínú ọkọ̀ láti àárọ̀. Kí lẹ ń sá fún gan-an?"

"Ta ló ń sá?"

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n tún fi ìyá sílẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n lọ wo afárá olókùúta kan tí àwọn ọmọ ogun ayé àtijọ́ gbà kọjá. Ó pẹ́ kó tó gbà kí wọ́n padà. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ọkọ̀, ìyá ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó na ọwọ́ òsì sí ọmọ rẹ̀. Ohùn jáde, ọ̀rọ̀ kò jáde.

Dókítà ní àrùn ẹ̀gbà ni, pé ó ṣeé ṣe kó má sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbà náà ni ọkùnrin náà wá kúnlẹ̀, nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìwòsàn, lójú gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì. "Màmá, mo ti kúnlẹ̀ o. Ẹ wí i. Bó jẹ́ èpè ni, mo gbà á."

Bí ìyá ṣe gbọ́ pé èpè, ó la ojú sílẹ̀. Ó mi orí, ó tún mi í, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó fa ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lórí, ẹnu rẹ̀ sì ń jà láti sọ ohun tí kò lè sọ.

Kò pẹ́ tó fi kú. Akin gbé e lọ sílé, òun ló sì kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó mọ̀ pé bàbá òun kò ṣépè. Ohun tí bàbá sọ gan-an, kò mọ̀ ọ́n títí di òní.

Ìwọ tí mò ń ṣe àkàwé yìí fún, o ní ẹnìkan tó fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀, ò ń sá fún un, o sì ń pe sísá náà ní ìtọ́jú. Ò ń fi aṣọ òtútù ránṣẹ́, ò ń ní kó sinmi, ò ń ní o máa tó wá. Lọ bá a. Bó bá jẹ́ ìbínú ló fẹ́ sọ, ìbínú tí o gbọ́, o lè bẹ̀bẹ̀ lé e lórí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìre, tí o kò sì dúró gbọ́ ọ, báwo lo ṣe fẹ́ ṣe àmín sí i?