Lékelèke Láàárín Erékùṣù Méjì

Ààlọ́ o.
Ààlọ̀.
Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé èjìká Lékelèke. Ìwọ tó ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ, jí, ìwọ lo máa gberin.

Erékùṣù méjì ló wà láàárín ọ̀sà. Akàn tẹ ọ̀kan dó, Pẹ́pẹ́yẹ tẹ èkejì dó. Ọdọọdún ni Lékelèke ń lọ kí wọn. Bí wọ́n bá ti rí i lókè, wọn a máa kọrin:

Lékelèke aláṣọ àlà,
— Wẹ́rẹ́ o, wẹ́rẹ́.
Ìlú wo ló dùn jùlọ?
— Wẹ́rẹ́ o, wẹ́rẹ́.

Lọ́dún kìíní, Akàn yan ẹja fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu. "Ẹja yìí dáa, àmọ́ ti Pẹ́pẹ́yẹ lọ́ràá jù ú lọ." Pẹ́pẹ́yẹ tẹ́ ẹní tuntun fún un. Ó sùn, ó hanrun, ó jí. "Ẹní yìí ò burú, àmọ́ ti Akàn ló tura." Lójú tirẹ̀, ọgbọ́n arìnrìn-àjò nìyẹn.

Lọ́dún kejì, ohun kan náà ló tún sọ.

Lọ́dún kẹta, Akàn ò dáná. Baálẹ̀ wọn ní, "Ẹ má bínú, àlejò wa. Ẹja wa ò lọ́ràá. Ẹ máa lọ sọ́dọ̀ Pẹ́pẹ́yẹ." Ó fi ebi fò débẹ̀. Ìyálóde Pẹ́pẹ́yẹ ti ká ẹní. "Ṣebí ti Akàn ló tura, bàbá? Ẹ padà síbẹ̀."

Lékelèke fò kúrò lórí ọ̀sà, ó bá Màlúù níbi tó ti ń jẹko. Màlúù ò bi í ní nǹkan kan. Títí dòní, ẹ̀yìn Màlúù ló ń tọ̀, tó ń ṣa tata jẹ, kò sì jẹ́ sọ fún un pé koríko ibòmíì tutù jù.

Bí mo bá purọ́, ẹ lọ bi Màlúù.