Ẹsẹ̀ Ahunṣọ Ìdógbọ̀n

Ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Ìdógbọ̀n, Bámgbóyè ni ahunṣọ tí gbogbo ìlú fi ń yangàn. Ó ní ìyàwó kan, Àwẹ̀ró, àti ọmọbìnrin kan, Ọmọ́yẹni, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀tẹ̀ nígbà tí ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀. Yàrá méjì ni ilé wọn, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó gbé òfì rẹ̀ sí. Wọn kì í ṣe ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n bí Bámgbóyè bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ lálẹ́, kò tún mọ ohun tí ń lọ mọ́ títí àkùkọ yóò fi kọ.

Lọ́dún kan, Baálẹ̀ Òkè-Apó ránṣẹ́ sí i. Òkè-Apó jìnnà, odò ńlá méjì ni ènìyàn yóò kọjá kí ó tó débẹ̀. Baálẹ̀ náà ti rí aṣọ Ìdógbọ̀n lára àwọn alájàpá, ó sì fẹ́ kí Bámgbóyè wá hun irú rẹ̀ fún ìdílé òun, kí ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú ní iṣẹ́ náà. Ẹ̀ẹ̀rùn kan péré ni wọ́n jọ sọ. Bámgbóyè di ẹrù rẹ̀, ó gbé Ọmọ́yẹni sókè, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ ní Òkè-Apó. Ilé àgbẹ̀ olówùú kan tí à ń pè ní Lámbẹ́ ni wọ́n fi í wọ̀ sí. Bí Baálẹ̀ bá pa ẹran, a bu tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Bí ó bá ń kọjá lójú ọ̀nà, àgbà àti èwe a máa kí i kú iṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn parí tí ó ní òun fẹ́ máa lọ, ẹ̀gbọ́n Baálẹ̀ ní, "Ọ̀gá ahunṣọ, ṣé ti àbúrò mi nìkan lẹ mọ̀ ni? Ẹ hun tèmi kí ẹ tó lọ." Ó hun ún. Kí ó tó parí rẹ̀, òjò ti kún odò. Nígbà tí odò fà, olórí ọdẹ fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ, a kò sì lè fi aṣọ tí kò bójú mu sin ìyàwó. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ń bí iṣẹ́, tí ọdún ń gorí ọdún. Ó ń ránṣẹ́ sílé nípasẹ̀ àwọn alájàpá, kò mọ èyí tó dé àti èyí tí kò dé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èsì padà bọ̀ wá bá a. Obìnrin tó mú un wá sọ pé, "Wọ́n ní ara le nílé. Wọ́n ní ọmọ yín ti gbọ́n, ó ń bèèrè pé irú ènìyàn wo ni bàbá òun."

Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ Bámgbóyè ti bẹ̀rẹ̀ ìṣe rẹ̀.

Lọ́sàn-án, kò sí nǹkan tó ṣe é. Òfì tí ó ń hun ní igi ìtẹsẹ̀ méjì nísàlẹ̀, tí ahunṣọ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí òwú lè máa lajú fún ọ̀kọ̀, igi tí ó ń gbé òwú dábùú, láti kọjá. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bọ̀, kò sì ro ó lára. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dùbúlẹ̀ báyìí, bí ẹni pé ìjàlọ ń tò lọ nínú mùdùnmúdùn egungun rẹ̀ ni. Kì í dùn ún, kì í ta á, kì í sì í yún un bí ara ti ń yún ni. Ó kàn ń fà á ni, ó ń sọ fún un pé kí ó má dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Bí ó bá ká a kò, kò sàn. Bí ó bá nà án, kò sàn. Àfi tí ó bá dìde tí ó rìn. Bí ó bá ti ń rìn nínú agbo ilé, ara á tù ú. Bí ó bá padà sórí ẹní, ìjàlọ á tún tò.

Bí ó ti ń rìn bẹ́ẹ̀, ilé rẹ̀ ni ó máa ń rò. Ó mọ ibi tí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti sán. Ó mọ bí Àwẹ̀ró ṣe ń húkọ́ díẹ̀ kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ tó ń dùn ún. Ojú Ọmọ́yẹni nìkan ni kò mọ̀ mọ́. Ojú ọmọ kékeré tó fi sílẹ̀ ni ó ń rí, ó sì mọ̀ pé kò sí ọmọ náà níbì kankan láyé mọ́, pé ẹlòmíràn ti dàgbà dípò rẹ̀ tí òun kò rí rí.

Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi mọ̀. Oorun a máa gbé e nídìí òfì, tí orí rẹ̀ yóò máa fì sórí aṣọ. Àjàlá, ẹni tó gbẹ̀fẹ̀ jù nínú àwọn tí ó ń kọ́ níṣẹ́, kò jẹ́ kí ó sinmi.

"Ọ̀gá, a gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín lóru àná. Aṣọ tí ẹ ń hun lóru yẹn, ṣé ó ti tó dá bùbá?"

"Ó ti tó fi dì ọ́ lẹ́nu," ni Bámgbóyè dá a lóhùn. "Wo ọwọ́ rẹ. Òwú ti já lẹ́yìn rẹ, ìwọ ń ṣọ́ ẹsẹ̀ mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

Kálukú ló wá oògùn tirẹ̀ wá. Ìyàwó Lámbẹ́ fi òrí pa á lẹ́sẹ̀ láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó sùn díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sùn lọ́jọ́ kejì. Ẹnì kan ní kí ó fi ọ̀já di ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Díẹ̀ ló kù kí ó fi ẹnu gbolẹ̀ nígbà tí ó fẹ́ dìde. Ẹlòmíràn ní kí ó máa mu ẹmu kí ó tó sùn, ìyẹn sì tún dá kún un. Nígbà tó yá, Lámbẹ́ mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá Baálẹ̀.

Baálẹ̀ gbọ́, ó mi orí. "Mo mọ ohun tó ń ṣe é," ni ó wí. "Ẹsẹ̀ àlejò ni. Ó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ wa, a kò sì tíì wẹ̀ ẹ́. Báwo ni ẹsẹ̀ tí ilẹ̀ kò tíì gbà ṣe fẹ́ sinmi?"

Àṣà kan wà ní Òkè-Apó nígbà náà. Àlejò tó bá bá wọn gbé pẹ́ tí ìwà rẹ̀ sì tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n máa ń wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú gbogbo ìlú. Àgbà obìnrin ìdílé Baálẹ̀ ni yóò wẹ̀ ẹ́. Bí ó ti ń wẹ̀ ẹ́, yóò bi í léèrè lẹ́ẹ̀mẹta pé, "Ẹsẹ̀ yìí, níbo ni ilé rẹ̀?" Ẹni náà yóò sì dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta pé, "Òkè-Apó ni." Lẹ́yìn ìyẹn, kì í ṣe àlejò mọ́. Wọn yóò fún un ní ilẹ̀ àti aya, inú ilẹ̀ náà ni wọn yóò sì sin ín sí. Ṣùgbọ́n kò ní padà sí ìlú tó ti wá mọ́ láti máa gbé ibẹ̀.

Lámbẹ́ sọ fún Bámgbóyè.

"Ṣé ẹ rò pé yóò jẹ́ kí n sùn?" ni Bámgbóyè bèèrè.

"Baálẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ibí kò dùn mọ́ ọ ni?"

"Ó dùn mọ́ mi."

"Ṣé ẹnì kan ṣẹ̀ ọ́?"

"Ta ni yóò ṣẹ̀ mí? Ẹ̀yin tí ẹ ń fi oúnjẹ bọ́ mi bí ọmọ yín."

"Ó dáa, kí ni ò ń rò?"

Ẹni tí kò sùn láti oṣù dé oṣù kò ní agbára láti jiyàn. Oorun ni Bámgbóyè ń wá. Bí wọ́n bá ní kí ó wá a lọ sínú ihò àpáta, yóò lọ. Ó ní kí wọ́n dá ọjọ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, gbogbo ìlú péjọ síwájú ilé Baálẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù. Wọ́n gbé Bámgbóyè jókòó sórí àpótí, ó fẹ̀yìn ti òpó. Ìyá Àgbà Ọ̀ṣúnlẹ́yẹ, àbúrò bàbá Baálẹ̀, ni yóò wẹ ẹsẹ̀ náà. Wọ́n gbé àwo ńlá kan wá tí omi gbígbóná wà nínú rẹ̀, ó fi omi tútù là á títí ó fi lọ́wọ́ọ́wọ́, ó já ewé ẹ̀fínrín sínú rẹ̀, ó sì ki ẹsẹ̀ Bámgbóyè méjèèjì bọ̀ ọ́.

Ìyá Àgbà kì í kánjú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹsẹ̀ náà láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ó tẹ gìgísẹ̀, ó tẹ ọrùn ẹsẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ra iṣan ojúgun lọ sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá owó ẹyọ nínú iyanrìn. Bámgbóyè mọ̀ ọ́n lára pé ìjàlọ tó wà nínú egungun rẹ̀ ń tú ká. Àyà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹsẹ̀ yìí," ni Ìyá Àgbà wí, "níbo ni ilé rẹ̀?"

Àjàlá ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu, nítorí ọ̀gá rẹ̀ ti ń hanrun.

Ìyá Àgbà kò jí i. Ó tún rọra bèèrè bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀: "Ẹsẹ̀ yìí, níbo ni ilé rẹ̀?"

Nínú oorun náà, Bámgbóyè la ẹnu. Gbogbo ènìyàn gbọ́ ohun tó sọ.

"Ọmọ́yẹni," ni ó wí, "ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Èmi ni."

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn kú. Ìyàwó Lámbẹ́ fi etí ìró nu ojú. Olórí ọdẹ fẹ́ sọ̀rọ̀, Baálẹ̀ na ọwọ́ sí i pé kí ó dákẹ́. Wọ́n jókòó síbẹ̀, gbogbo ìlú, wọ́n ń dúró de ẹni tí ń sùn. Oòrùn yọ, ó gòkè. Ẹni tó fẹ́ lọ sóko kò lọ. Bí omi bá ti fẹ́ tutù, Ìyá Àgbà á ní kí wọ́n bu òmíràn kún un, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lára ẹsẹ̀ náà.

Nígbà tí Bámgbóyè jí, ó rí gbogbo ojú tó ń wò ó, ojú tì í.

"Ta ni Ọmọ́yẹni?" ni Ìyá Àgbà bi í.

Ó wò ó. "Ọmọ mi ni, Ìyá."

"Òun lo ní kó ṣílẹ̀kùn fún ọ. Mo ti bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku ẹyọ kan, ojú rẹ sì ti là báyìí. Ẹsẹ̀ yìí, níbo ni ilé rẹ̀?"

Bámgbóyè wo Baálẹ̀, ẹni tí kò fi ebi pa á rí. Ó wo Lámbẹ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ òtítọ́, ó ṣeé ṣe kí òun dójú ti àwọn tó fẹ́ràn òun. Ó mọ̀ pé bí òun bá purọ́, òun kò ní rí ojú ọmọ náà mọ́ láé.

"Ìdógbọ̀n ni, Ìyá."

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ahunṣọ, kí la ṣe fún ọ?"

"Oore ni ẹ ṣe, Baálẹ̀. Kò sí ohun tí mo wá kù níbí. Bí mo bá ní ẹ kò tọ́jú mi, Ọlọ́run ń gbọ́. Àjò yìí dùn. Mo kàn nílé ni."

Ìyá Àgbà ni ó gbé àwo omi náà dìde fúnra rẹ̀, ó gbé e kọjá láàárín àwọn ènìyàn, ó sì dà á sí ojú ọ̀nà tó jáde kúrò nílùú. Ó padà wá.

"Bámgbóyè, gbọ́ mi. Kì í ṣe àṣà wa ló mú ọ sùn. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni, àti ọwọ́ tí kò kánjú. Ìyá tó bí mi ní irú ẹsẹ̀ yìí, kò lọ pátápátá títí ó fi kú. Yóò máa wá, yóò máa lọ. Má máa jókòó ti òfì láti àárọ̀ di alẹ́ láìdìde na ara. Bí ó bá dé lóru, wá ẹni tí yóò bá ọ tẹ̀ ẹ́." Ó wo Baálẹ̀. "Ẹni náà kò sí níbí."

Baálẹ̀ fún un ní ẹni méjì tó sìn ín kọjá odò àkọ́kọ́.

Ọ̀sán ni ó wọ Ìdógbọ̀n. Àwẹ̀ró wà níwájú ilé, ó ń sá ẹ̀gẹ́. Ó gbé ojú sókè, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan yọ lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ gígùn, ojú rẹ̀ jọ ti ìyá Bámgbóyè tó ti kú.

"Ìyá mi, ta nìyí?"

Àwẹ̀ró húkọ́ díẹ̀. "Àlejò ni. Lọ bu omi fún un mu."

Bámgbóyè gba omi náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Kò bínú. Ó mu ún, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà bí àlejò ti ń dúpẹ́. Wọ́n jẹun alẹ́, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́bàá òfì tí eruku ti bò, ó sì dùbúlẹ̀.

Ìjàlọ kò gbàgbé ọ̀nà. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi ń tò nínú egungun rẹ̀. Ó dìde, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, ó ń rọra gbé ẹsẹ̀ kí ó má baà jí wọn. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn yàrá dún. Àwẹ̀ró dúró síbẹ̀, ó ń wò ó.

"Bàbá Ọmọ́yẹni, ṣé ẹ tún fẹ́ lọ ni?"

"Rárá. Ẹsẹ̀ mi ni kì í jẹ́ kí n sùn." Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dé orí omi Ìyá Àgbà àti ohun tí òun sọ lójú oorun.

Àwẹ̀ró lọ sídìí ààrò, ó kóná. Nígbà tí omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ó gbé e wá, ó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Ẹ na ẹsẹ̀ yín," ni ó wí.

Ẹsẹ̀ náà kò sàn pátápátá títí Bámgbóyè fi darúgbó. Ṣùgbọ́n alẹ́ tó bá dé, ọwọ́ wà níbẹ̀, nígbà tó sì yá, ọwọ́ Ọmọ́yẹni kún un. Bí àwọn alájàpá Òkè-Apó bá sì kọjá, tí wọ́n bá bi í pé kí ló dé tó fi kúrò níbi tí wọ́n ti ń kẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, èsì kan náà tí ó fún Baálẹ̀ ni ó ń fún wọn, wọ́n sì gbé e káàkiri. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe títí dòní pé: Àjò kì í dùn, kí onílé má relé.