Ọwọ́ Tí Àwẹ̀ró Fi Ṣọ́ Ìloro Bàbá Rẹ̀

Àwẹ̀ró ọmọ Àjàgbé ti lé ní ẹni ogójì ọdún kí ó tó kọ́ ìjà ọ̀pá. Gaàrí ló ń dín títí di ìgbà náà. Ní ìlú Òkè-Ìṣin tí wọ́n ti bí i, tí ó sì padà sí nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, kò sí ẹni tí kò mọ gaàrí rẹ̀: ó gbẹ, ó kan, kì í sì í ní iyanrìn. Àwọn tó ti bá a ṣe gbólóhùn asọ̀ rí ní bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn.

Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe Ọdún Ọ̀pá ní ìlú náà, lẹ́yìn tí iṣu tuntun bá ti jáde. Ní ọjọ́ náà, agboolé kọ̀ọ̀kan yóò mú ọmọ bíbí ilé kan dúró síwájú ìloro, tòun ti ọ̀pá lọ́wọ́. Ẹnì kan yóò wá láti agboolé tó múlé tì wọ́n, yóò fẹ́ fi ọ̀pá tirẹ̀ kan òpó ìloro náà. Bí ọ̀pá bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó wá, ó parí. Bí ó bá sì rọ́nà kan òpó, wọn yóò fi onílé rẹ́rìn-ín, wọn yóò lọ jẹun. Ṣùgbọ́n agboolé tí ọ̀pá àlejò bá kan òpó rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta léraléra, orúkọ rẹ̀ ti parẹ́ nìyẹn. Wọn yóò kà á mọ́ agboolé tó ṣẹ́gun rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n da omi ife kan sínú garawa.

Ọdún méjì ni ọ̀pá ti kan òpó Ilé Àjàgbé. Bàbá ti kú, àwọn arákùnrin Àwẹ̀ró méjèèjì sì wà lẹ́yìn odi, wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù pé ọkàn àwọn wà nílé. Ọkàn kò sì lè gbá ọ̀pá mú. Gbádéró láti Ilé Jagun tó múlé tì wọ́n ló wá kan òpó náà. Lọ́dún kìíní, pákò wà lẹ́nu rẹ̀ bí ó ṣe kàn án. Lọ́dún kejì, kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà.

Nígbà tí ó ku oṣù mẹ́ta kí ọdún kẹta pé, Àwẹ̀ró lọ bá Gbádéró ní ilé rẹ̀. Òun nìkan ló ń kọ́ni ní ọ̀pá ní gbogbo Òkè-Ìṣin.

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá Gbádéró. Mo wá kọ́ ọ̀pá ni."

Gbádéró wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Kí o wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi, kí o lè fi nà mí?"

"Bí ẹ bá kọ́ mi dáadáa."

"Àwẹ̀ró, lọ máa dín gaàrí rẹ. Obìnrin kì í ja ọ̀pá."

"Ọmọ bíbí ilé ni òfin wí. Ta ni ẹ gbọ́ pé ó bí mi, tí kì í ṣe Àjàgbé?"

"Kò sí ẹni tó máa kọ́ ọ ní ìlú yìí. Mo ti wí."

"Ẹ ṣeun, sà. Èmi náà ti gbọ́."

Ìlú yìí ló wí. Kò dárúkọ ìlú mìíràn. Àwẹ̀ró wọ ilé, ó ra dátà, ó sì wá ìjà ọ̀pá lórí fóònù. Ọkùnrin kan ló jáde, apárí ni, kò wọ ẹ̀wù, ó ń sọ èdè tí Àwẹ̀ró kò gbọ́ rí láyé. Ìyẹn kò dùn ún. Gbogbo àwọn tí òun gbọ́ èdè wọn ní ìlú, kí ni wọ́n sọ fún un? Ó ń pe ọkùnrin náà ní Tíṣà, a sì máa kí i káàárọ̀ kí ó tó tẹ fídíò.

Ó gé ọ̀pá igi àyìn, ó gbé fóònù ti ìkòkò omi lẹ́yìnkùlé, ó sì bẹ̀rẹ̀. Tíṣà fi ọ̀pá sọ́tùn-ún, Àwẹ̀ró náà fi sí ibi tí ó rí i. Tíṣà yípo, ó yípo. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ojúgun ara rẹ̀ ló nà jù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó na okùn aṣọ já, ó sì tún gbogbo aṣọ fọ̀. Bí dátà bá tán, yóò dín gaàrí títí owó dátà yóò fi dé. Nígbà tí oṣù kejì parí, ọ̀pá náà ti ń dún nínú afẹ́fẹ́ bí aṣọ tí wọ́n fà ya, ewúrẹ́ ilé kò sì gba ẹ̀yìnkùlé kọjá mọ́.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọdún pé ni Sinótù ọ̀rẹ́ rẹ̀ yà wá ra gaàrí. Ó dúró wò ó títí, ó yí orí sápá kan.

"Àwẹ̀ró, ọwọ́ wo nìyẹn?"

"Ọwọ́ tí Tíṣà ń lò ni."

"Tíṣà kọjú sí ọ. Bí ènìyàn méjì bá kọjú síra wọn, ibi tí ọ̀tún ẹnì kan wà ni òsì ẹnì kejì wà. Òsì lo ti fi kọ́ gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ yìí."

Àwẹ̀ró wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo fóònù. Ó gbé ọ̀pá bọ́ sí ọ̀tún, ó fì í lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pá fò lọ bá adìyẹ. Ọwọ́ ọ̀tún náà kò mọ nǹkan kan. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́.

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?" ni Sinótù bi í.

"Òsì náà ni."

"Níwájú ìlú? Níwájú Olóyè Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́? Wọn á ní o rí wọn fín."

"Kí wọ́n ní. Orúkọ bàbá mi ló fẹ́ parẹ́, kì í ṣe orúkọ ọwọ́ mi. Kóńgò mélòó ni kí n wọ̀n fún ọ?"

Nígbà tí ọjọ́ pé, èrò kún iwájú Ilé Àjàgbé, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé obìnrin tó ń dín gaàrí fẹ́ ja ọ̀pá. Olóyè Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tó máa ń ṣe adájọ́, jókòó sórí àpótí. Gbádéró sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò ní kí ọlọ́kadà pa ẹ́ńjìnnì.

"Má lọ jìnnà," ó wí fún un, "kò ní pẹ́."

Òótọ́ ló sọ. Àwẹ̀ró fún ìró mọ́ra, ó dúró síwájú òpó, ó sì fi òsì gbé ọ̀pá sókè. Àwọn èrò hó yéè. Ní Òkè-Ìṣin, láti kékeré ni wọ́n ti ń gbá ọwọ́ òsì ọmọ lulẹ̀: bí ọmọ fi gba àkàrà, wọ́n gbá a, bí ó fi júwe ọ̀nà, wọ́n gbá a. Nítorí náà, láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe Ọdún Ọ̀pá, kò tí ì sí alọ́wọ́-òsì kan tó dúró síwájú ìloro, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó kọ́ Gbádéró bí wọ́n ṣe ń bá irú rẹ̀ jà.

Gbádéró sún mọ́ Àwẹ̀ró bí ó ti máa ń ṣe, ó ṣọ́ apá ibi tí ọ̀pá ti máa ń wá sí i láti ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀pá kò gba ibẹ̀ wá. Apá kejì ló gbà wá, ó bà á ní oríkèé ìka, kọ́! Ọ̀pá Gbádéró bọ́, ó yí lọ sábẹ́ àpótí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́.

Ọ̀kadà rẹ̀ ṣì ń dún.

"Mi ò gbà," ni Gbádéró wí. "Òwe àwọn àgbà ni. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ẹ wò ó bó ṣe nà án síta níwájú àgbà."

Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ yíjú sí Àwẹ̀ró. "Ìwọ ńkọ́?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò kúrò níwájú òpó, kò sì pààrọ̀ ọwọ́. "Bàbá, mi ò júwe ilé bàbá mi fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣíṣọ́ ni mò ń ṣọ́ ọ. Bí wọ́n bá ní àwọn ò gbà, kí wọ́n mú ọ̀pá wọn ká tún un ṣe."

Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ fi ẹsẹ̀ ti ọ̀pá náà jáde lábẹ́ àpótí. "Gbádéró, mú ọ̀pá rẹ."

Gbádéró bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn ìka ti wú, wọn kò ká. Ó wo ojú èrò, ó sì fi òsì mú un.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, gbogbo èrò sì tẹ̀lé e. Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó sì pe orúkọ agboolé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí wọ́n ti ń pè é látayébáyé: Ilé Àjàgbé, Ilé Àjàgbé, Ilé Àjàgbé. Ìlú dáhùn. Àwẹ̀ró ṣì wà níwájú òpó, ọ̀pá ṣì wà lókè.

Ìdajì òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí Àwẹ̀ró. Ọjọ́ yẹn ni ìdajì tó kù dé. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ìwà ọmọlúwàbí dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ó má lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀, àwọn àgbà Òkè-Ìṣin a fi òwe dá a lóhùn pé: a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní ká má fi ṣọ́ ọ.