Bí Tinúadé Lárògún Ṣe Tẹ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọ̀dàn Ẹtu Dó

Nígbà tí ó ku ọdún méjì kí orílẹ̀-èdè yìí gba òmìnira, àìsàn méjì ló ń pa ìlú Ìtapàrà lọ. Èkíní ni pé àwọn ọmọ rẹ̀ ń tán. Ọmọ tó bá ti ka ìwé mẹ́fà kò rí ibi tí yóò gbà tẹ̀ síwájú, àfi kó sọdá odò Awẹ̀ lọ sí ìlú òdìkejì, kó máa gbé lọ́dọ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Èyí tó bá sì lọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà padà wálé mọ́ àfi fún ìsìnkú. Ilé tó ṣófo ní àdúgbò Òkè-Àràbà nìkan ti tó mọ́kànlélógún, koríko sì ti hù dí ẹnu ọ̀nà wọn. Àìsàn kejì ló burú jù. Ìdílé ńlá méjì, Lárògún àti Ajágbọ̀n, ń bá ara wọn jà lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀dàn Ẹtu, tó wà láàárín ilé àti oko. Oníkálukú ló ní baba ńlá òun ló kọ́kọ́ dọdẹ débẹ̀. Ọdún kọkànlá tí ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, èèyàn mẹ́rin ló sì ti bá a lọ.

Bí ìlú ṣe wà nìyí tí lẹ́tà ìjọba fi dé ààfin. Ìjọba fẹ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní agbègbè náà, Ìtapàrà ni wọ́n sì kọ́kọ́ mú, nítorí pé òun ló wà láàárín gbùngbùn. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó fẹ̀, tí kò sí ẹjọ́ lórí rẹ̀. Wọ́n sì fẹ́ kí ogójì ọmọ ti jókòó sí kíláàsì lórí ilẹ̀ náà nígbà tí alábẹ̀wò wọn bá dé ní ìparí oṣù kejì. Bí ó bá yẹ̀, ìlú òdìkejì odò ni yóò gba ilé-ẹ̀kọ́ náà. Olúpàrà, ọba ìlú, ní kí wọ́n ka lẹ́tà náà sétí àwọn ìjòyè lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wọn mọ̀ pé àpáta àti àkùrọ̀ ló yí Ìtapàrà ká. Yàtọ̀ sí Ọ̀dàn Ẹtu, kò sí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀.

Ọba ní, "Ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn."

Ẹni tí kò gbà pé ó ti bọ́ ni Tinúadé, ọmọ Lárògún: adúmáadán, ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí atẹ́gùn ń tì tí kì í ṣubú, ọmọ ogun-ò-gbọdọ̀-bá-wa-lórí-ìdùbúlẹ̀, ọmọ a-fi-ohùn-pẹ̀lẹ́-pa-ariwo-lẹ́nu-mọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Tíṣà ni, ó sì ti ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́sàn-án ní ìlú òdìkejì odò. Ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Fọláhàn, ló gbé e padà wálé. Fọláhàn yìí ni ẹnì kẹrin tí ìjà Ọ̀dàn Ẹtu pa. Àwọn tó wà níbi ìsìnkú náà sọ pé Tinúadé kò ké. Ó kàn ń bèèrè pé ta ni yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ mẹ́ta tí Fọláhàn fi sílẹ̀.

Ó lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀ ní ìpàdé. Ògúnjìnmí, olórí ẹbí, wà lórí ìjókòó. Ọláníhun, ọmọ àbúrò bàbá Tinúadé àti aṣáájú àwọn ọ̀dọ́ ilé, dúró lẹ́yìn bàbá náà.

"Bàbá," ni Tinúadé wí lórí ìkúnlẹ̀, "ẹ jẹ́ kí n kó àwọn ọmọ ilé wa jókòó sí Ọ̀dàn Ẹtu, kí n máa kọ́ wọn níwèé."

Ọláníhun kò jẹ́ kí bàbá dáhùn. "Àǹtí mi, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n yín kò tíì gbẹ lórí ilẹ̀ yẹn. Ṣé orí rẹ̀ lẹ fẹ́ lọ máa kọ a, b, d sí?"

"Ọláníhun, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti gbẹ. Ojú àwọn ọmọ rẹ̀ ni kò tíì gbẹ."

Ògúnjìnmí fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ilẹ̀ wa ni. Ọmọ tó bá jókòó sórí ilẹ̀ baba rẹ̀ kò jalè. Máa kó wọn lọ."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Tinúadé gba ojúde ọjà kọjá, ní ìṣojú gbogbo ènìyàn, ó sì wọ agbo ilé Ajágbọ̀n. Ọmọ Lárògún kankan kò tíì wọ ibẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Jagunlabí, àgbà ilé náà, ń gbẹ́ èèkù ọkọ́ lábẹ́ igi òro. Àwọn ọkùnrin tó yí i ká dìde, ọwọ́ àwọn mìíràn sì ti wà lára àdá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," ni Tinúadé wí, ó kúnlẹ̀.

Jagunlabí ṣẹ́jú wò ó. "Ọmọ ta nìyí?"

"Ọmọ Lárògún ni mí, bàbá. Àbúrò Fọláhàn ni mí."

"Ṣé wọn kò sọ fún ọ pé ẹni tó bá ti ilé yín wọ ibí lè má jáde?"

"Wọ́n sọ fún mi, bàbá. Ìdí tí mo fi wá lójú ọ̀sán nìyẹn, kó lè hàn sí gbogbo ayé pé mo wọlé."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní kí ó sọ ohun tó gbé e wá. Tinúadé kò bèèrè ilẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ Ajágbọ̀n níwèé, lórí Ọ̀dàn Ẹtu.

"Pẹ̀lú àwọn ọmọ yín?"

"Pẹ̀lú àwọn ọmọ wa, bàbá. Àwọn ará ilé wa ní ilẹ̀ àwọn ni. Ẹ̀yin náà ní ilẹ̀ yín ni. Èmi kò wá dá ẹjọ́ yẹn. Mo kàn mọ̀ pé bí àwọn ọmọ yín bá jókòó síbẹ̀, orí ilẹ̀ baba wọn ni wọ́n jókòó sí, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe sọ. Ta ló lè wá bá yín wí?"

Jagunlabí gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ó pe ọmọ mẹ́tàlá jáde nínú agbo ilé náà, Àríkẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Báyìí ni ìdílé méjèèjì ṣe fi ọwọ́ sí ohun kan náà, tí ẹnì kankan nínú wọn kò sì yọ̀ǹda ẹsẹ̀ bàtà kan fún ẹnì kejì.

Àtíbàbà olóparun ni ilé-ẹ̀kọ́ náà fi bẹ̀rẹ̀, koríko bẹ́ẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì fi bo orí rẹ̀. Ọmọ méjìlélógún wá láti ilé Lárògún, mẹ́tàlá láti ilé Ajágbọ̀n, márùn-ún láti àwọn ilé yòókù, ogójì sì pé. Pátákó ìkọ̀wé kan ṣoṣo ni wọ́n ní, èédú ni wọ́n sì fi ń pa á lára kó lè dúdú. Àwọn ọmọ ló ń pọn omi, àwọn ló ń ro àyíká, àwọn ló ń sun iṣu tí wọ́n ń jẹ ní ìsinmi ọ̀sán. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ Lárògún kò bá ọmọ Ajágbọ̀n jókòó. Àlàfo ńlá wà láàárín wọn bí ọ̀nà ọjà. Tinúadé kò bá wọn wí. Ó kàn ní kí gbogbo wọn tò bí wọ́n ṣe ga sí, kí wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tó kúrú kò rí pátákó. Bándélé, àkọ́bí Fọláhàn, bá ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àríkẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ìṣirò kan rú Bándélé lójú, Àríkẹ́ sì fi ìka kọ èsì rẹ̀ sí erùpẹ̀ fún un.

Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí alábẹ̀wò dé, ọ̀dọ́kùnrin Ajágbọ̀n kan fọ́nnu nídìí ẹmu pé ọmọ Lárògún fúnra rẹ̀ ló wá bẹ ilé àwọn, pé ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ọláníhun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun àti nǹkan bí ọgbọ̀n ọkùnrin mú àdá àti ìbọn ṣakabùlà lọ sí Ọ̀dàn Ẹtu láti lé àwọn ọmọ Ajágbọ̀n kúrò. Àwọn Ajágbọ̀n gbọ́, àwọn náà sì já dé láti apá kejì, Jagunlabí sì ń tẹ̀ lé wọn bọ̀. Orúkọ ni Tinúadé fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Ó ní kí àwọn ọmọ dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ nínú àtíbàbà, kí wọ́n má gbé orí sókè, kí wọ́n sì máa jẹ́ orúkọ wọn bí òun bá pè é. Lẹ́yìn náà ló di ìwé orúkọ mú, ó rìn jáde, ó sì dúró sí àárín àwọn méjèèjì.

"Ẹ kúrò lọ́nà, Àǹtí!" ni Ọláníhun kígbe.

Tinúadé ṣí ìwé náà. "Bándélé, ọmọ Fọláhàn."

Ohùn ọmọ kan dáhùn láti inú àtíbàbà: "Mo wà ńbí, mà."

"Àríkẹ́, ọmọ ilé Jagunlabí."

"Mo wà ńbí, mà."

Ó ń pè wọ́n lọ bẹ́ẹ̀, Lárògún tẹ̀ lé Ajágbọ̀n, kò yára, kò sì gbé ohùn sókè. Ọkùnrin kọ̀ọ̀kan gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tàbí ti ọmọ àbúrò rẹ̀. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àdá kalẹ̀. Nígbà náà ni ìbọn kan dún láti ọ̀dọ̀ àwọn Lárògún. Ọta rẹ̀ wọ Tinúadé ní apá òsì. Ìwé náà bọ́, òun náà sì kúnlẹ̀. Gbogbo wọn rò pé ó ti tán. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ìwé náà nílẹ̀, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ nù, ó sì wá ibi tí ó dé.

"Fadérera, ọmọ ilé Ògúnjìnmí."

Kò sí ìdáhùn, ẹkún ló kún inú àtíbàbà. Ó tún un pè.

"Mo wà ńbí, mà," ni ọmọ náà wí, tòun ti ẹkún.

Jagunlabí ju àdá tirẹ̀ nù. Ó rìn lọ bá a níwájú àwọn ọkùnrin Lárògún láì wo ẹnikẹ́ni, ó ní, "Ẹ gbé ọmọ yìí kúrò nínú oòrùn. Ṣé ẹ fẹ́ kó pe gbogbo wọn tán kó tó kú ni?" Orí bẹ́ǹṣì kíláàsì ni wọ́n gbé e sí. Ọkùnrin méjì láti ilé Lárògún di ìkángun kan bẹ́ǹṣì náà mú, méjì láti ilé Ajágbọ̀n di ìkángun kejì mú, wọ́n sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọláníhun kò lè tẹ̀ lé wọn. Ó jókòó sílẹ̀ lórí ọ̀dàn náà, ìbọn tó ṣì ń rú èéfín wà lórí itan rẹ̀.

Ọlọ́pàá dé ibùsùn Tinúadé láti béèrè ẹni tó yìnbọn. Ó ní, "Orúkọ ni mo ń pè, ojú mi wà lára ìwé." Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n bi í. Ohun kan náà ló sọ.

Ní ọjọ́ kẹjọ, alábẹ̀wò ìjọba bá a níwájú pátákó, apá òsì rẹ̀ wà nínú ọ̀já, ogójì ọmọ sì jókòó. Ó bi àwọn àgbà pé ta ló ni ilẹ̀.

"Àwa ni," ni Ògúnjìnmí wí.

"Àwa ni," ni Jagunlabí wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ògúnjìnmí wo Jagunlabí, ó wo apá Tinúadé, ó sì fi kún un pé, "A sì ti fi í sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́." Jagunlabí ní, "Àwa náà ti fi tiwa sílẹ̀." Alábẹ̀wò náà kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wí i, pé ìdílé méjì ló fi ilẹ̀ kan náà tọrẹ. Bẹ́ẹ̀ ló sì wà nínú ìwé ilẹ̀ náà títí di òní.

Ọdún mọ́kànlélógún ni Tinúadé fi ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, apá rẹ̀ òsì kò sì nà mọ́ títí ó fi wọ káà ilẹ̀. Ọláníhun kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Òun ló kan èyí tó pọ̀ jù nínú àga àti tábìlì kíláàsì wọ̀nyẹn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé wọn débẹ̀. Ilé tó ṣófo ní Òkè-Àràbà di ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ìlú mìíràn ń gbé, kí wọ́n tó kọ́ ilé ìbùgbé fún wọn. Kò sí ẹni tí ilẹ̀ náà tún pa.

Ọ̀nà oko ṣì gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà kọjá. Àgbẹ̀ tó bá dé ibẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ Lárògún, ìbáà jẹ́ ọmọ Ajágbọ̀n, ìbáà ṣe àlejò tí wọ́n ti kìlọ̀ fún pé àdá kì í kọjá níbẹ̀ ní ìhòòhò, yóò dúró, yóò já ewé, yóò sì fi wé ojú àdá rẹ̀ kí ó tó kọjá. Ní ìkángun ọgbà náà, níbi tí ọ̀nà ti yà sí oko, tí wọ́n ti ń tú ewé náà kúrò lójú àdá, òkìtì ewé gbígbẹ kan wà tí kì í tán nílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò.