Ekùrọ́ Mẹ́fà Oyèkàn

Ní abúlé Olóṣé, opó àgbàlagbà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Oyèdòkun. Ọmọkùnrin méjì péré ni ó bí yè: Oyèdòkun ni ẹ̀gbọ́n, Oyèkàn ni àbúrò. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí Oyèdòkun ti kú, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe ìyá rẹ̀. Ó fi ìyàwó kan sílẹ̀, Àwẹ̀ró, pẹ̀lú ìbejì obìnrin tí wọn kò tíì lè gbé akèrègbè omi tó kún.

Kí bàbá wọn tó kú, ó ti pín ilẹ̀ oko rẹ̀ tó wà lẹ́yìn òkè sí ọgbọọgba fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó sì gbin pèrègún sí àárín láti fi ṣe ààlà. Apá ti Oyèdòkun ni Àwẹ̀ró ń dá. Ibẹ̀ ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń jẹun, wọn kò ní ibòmíràn. Nígbà tí ọ̀fọ̀ tán, Oyèkàn fẹ́ ṣú u lópó, Àwẹ̀ró sì kọ̀.

Ó ní, “Adúmáadán ọkọ mi, ilé yín ni n óò dàgbà sí. Ṣùgbọ́n ẹní mi, èmi nìkan ni n óò máa sùn lórí rẹ̀.”

Oyèkàn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà bí ẹni tí kò bínú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ó ti ń wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lálaalẹ́. “Ìyá mi, ẹ máa ṣọ́ ìyàwó yìí o. Ojú rẹ̀ ti ń rìn wọ ilẹ̀ mi.”

Ìyá Oyèdòkun kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní ìfura. Obìnrin tó máa ń tọ́ ọbẹ̀ ara rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì ni, kí ó tó gbà pé òun ni òun sè é. Ó bẹ̀rẹ̀ sí yẹ apẹ̀rẹ̀ Àwẹ̀ró wò bí ó bá ti oko dé. Bí Àwẹ̀ró bá kí i pẹ̀lú ẹ̀rín, yóò máa ronú pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, yóò ní ó ń di òun sínú.

Àṣà kan wà ní agbolé wọn. Lọ́dọọdún, ní ìgbà tí òjò bá sinmi láàárín àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò, tí ojú ọ̀run sì mọ́, ìràwọ̀ a máa já lálẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọn iná dànù lára igi. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé bí ìràwọ̀ tó já bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni àrọ̀kúrò yóò ṣe rọ̀ tó. Iye yìí ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá kí wọ́n gbin àgbàdo kejì tàbí kí wọ́n fi irúgbìn pamọ́. Nítorí náà, ní òru tí ó bá pọ̀ jù, olúkúlùkù yóò jókòó sí ìhà ilé tí wọ́n bá yàn fún un, pẹ̀lú igbá àti ekùrọ́. Bí ìràwọ̀ kan bá já ní ìhà tirẹ̀, yóò ju ekùrọ́ kan sínú igbá. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni jáde nínú agbolé lóru náà kí àkùkọ tó kọ. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ẹnìkan kò gbọdọ̀ sọ ohun tó rí fún ẹnì kejì títí yóò fi gbé igbá rẹ̀ wọ yàrá àgbà ilé ní òun nìkan, kí iye tẹnìkan má baà sún tẹlòmíràn.

Ìyá Oyèdòkun ni àgbà ilé nígbà náà. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́, inú yàrá ni ó máa ń wà. Ó yan àríwá fún Bàbá Adégòkè, àbúrò ọkọ rẹ̀. Oyèkàn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká ní ìlà oòrùn, níbi tí ìràwọ̀ ti máa ń já jù. Àwẹ̀ró sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní ìwọ̀ oòrùn ní ẹ̀yìnkùlé, nítorí ara Kẹ́hìndé gbóná, òun sì fẹ́ máa gbọ́ bí ó bá wúkọ́.

Ìyá Oyèdòkun gbà fún un, ṣùgbọ́n ara fu ú. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé lè yí ká dé ọ̀nà oko láìsí ẹni tí yóò rí i. Èéṣe tó fi jẹ́ ibi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó ni obìnrin yìí yàn?

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí Oyèkàn fi ti ìta wọlé, ìrì sì rin ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún.

Ó ní, “Ìyá mi, mo lọ wo ẹbìtì mi ní ìdájí. Àwẹ̀ró ti hú pèrègún bàbá wa. Ó ti gbìn ín sí àárín iṣu mi, ó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì tutù.”

Òfin Olóṣé le lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ṣí ààlà nídìí, gbogbo ilẹ̀ tirẹ̀ tó bá ààlà náà pàdé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọkàn Ìyá Oyèdòkun sọ fún un pé, ‘Ṣé o rí i?’ Ó ní kí wọ́n ka ìràwọ̀ ná, kí wọ́n tó pe ẹjọ́.

Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ wọlé. Ó kúnlẹ̀, ó gbé igbá sílẹ̀. Ìyá Oyèdòkun ka ekùrọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mọ́kàndínlógójì ni.

“Mọ́kàndínlógójì, ní ìwọ̀ oòrùn? Ṣé kì í ṣe pé o bu ekùrọ́ lẹ́kùnwọ́ sínú igbá, kí n lè rò pé o wà nílé?”

“Rárá o, Ìyá wa. Bí mo bá fẹ́ purọ́, iye tí ẹ máa gbà gbọ́ ni n óò bù.”

“Èwo ló tóbi jù níbẹ̀?”

“Èyí tó tóbi jù, n kò rí i. Iwájú ilé ló gbà. Mo kàn rí i tí ibi gbogbo mọ́lẹ̀, tí òjìji ilé ìdáná bọ́ lé mi lórí. Àwọn adìẹ fò sílẹ̀ látorí igi, wọ́n rò pé ilẹ̀ ti mọ́. N kò fi ojú mi rí ìràwọ̀ náà, n kò ju ekùrọ́ sí i.”

Ìyá Oyèdòkun náà rí ìmọ́lẹ̀ yẹn gba àlàfo ilẹ̀kùn wọlé, ó sì gbọ́ ariwo adìẹ.

Bàbá Adégòkè mú mọ́kànlélógún wá. “Ìyàwó mi, mo wòkè títí ọrùn fi ń ro mí.”

“Bàbá, ẹ kò sùn?”

“Oorun díẹ̀ yà kí mi, n kò ní parọ́. Ìràwọ̀ ńlá kan ló jí mi, mo rò pé ilé ń jó. Mo ti ń wá ṣòkòtò mi kiri.”

Oyèkàn ló wọlé kẹ́yìn. Ekùrọ́ mẹ́fà ló wà ní ìsàlẹ̀ igbá rẹ̀.

“Ẹ̀fà?” ni ìyá rẹ̀ wí. “Ní ìlà oòrùn?”

“Ẹ̀fà ni, Ìyá mi. Ọdún yìí kò dára. Ojú mi kò sì kúrò lókè títí àkùkọ fi kọ.”

Ìyá Oyèdòkun na ọwọ́ sí ekùrọ́ náà, ó kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń wá àwáwí fún ọmọ rẹ̀ nínú ọkàn. Bóyá ìkùukùu ni. Bóyá ó tòògbé bíi ti Bàbá Adégòkè. Ó wá sọ ọ́ jáde pé, “Bóyá èje ni, Oyèkàn. Bóyá ọ̀kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ.”

Oyèkàn gbá ọ̀rọ̀ náà mú kíá. “Òótọ́ lẹ sọ, èje ni. Èyí ńlá yẹn ni n kò ju ekùrọ́ sí, ẹ̀rù ló bà mí. Ó wọ ẹ̀yìn igi àràbà báyìí, mo rò pé gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ ti gbiná.”

Igi àràbà kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo àyíká Olóṣé, ìdí ààlà oko wọn ló sì dúró sí, lẹ́yìn òkè. Ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká, òkè nìkan ni ojú rẹ̀ lè rí. Kò lè rí àràbà náà lọ́sàn-án gangan, áḿbèlètasé lóru.

“Àràbà wo?” ni ìyá rẹ̀ bi í, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè.

Oyèkàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ìyá mi, ẹ jẹ́ kó parí síbí. Èmi nìkan ló kù fún yín.”

Òótọ́ ni. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà. Bí òun bá jáde tí òun sì wí pé èje ni, tí òun kò mẹ́nu ba àràbà, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọmọ òun yóò ní ilẹ̀ méjì, àwọn ìbejì Oyèdòkun yóò sì máa ṣa iṣu tí ẹlòmíràn jẹ kù. Ìyá Oyèdòkun jókòó títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú. Lẹ́yìn náà ó di ògiri mú, ó dìde, ó sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àwọn ará ilé ti ń dúró.

Bàbá Adégòkè bi í pé, “Ìyàwó mi, mélòó ni ti Oyèkàn?”

“Ẹ̀fà ló gbé wá.”

“Ẹ̀fà kẹ̀? Kò lè jẹ́ ẹ̀fà. Ọmọ yìí ti gbàgbé ọ̀kan, ẹ jẹ́ ká pè é ní èje.”

“Ká ní èje ni, ǹ bá dúpẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà yìí, ó ju èje lọ.”

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí ìràwọ̀ tó wọ ẹ̀yìn àràbà dé orí pèrègún tí Oyèkàn fúnra rẹ̀ lọ hú lóru láti fi kó bá Àwẹ̀ró. Kò fi ohunkóhun bò. Nígbà tó parí, ó yíjú sí Àwẹ̀ró.

“Ìyàwó mi, ekùrọ́ tìrẹ ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta. Má bínú.”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nu ojú.

Òfin kò yí padà nítorí pé ọmọ àgbà ilé ló ṣẹ̀. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, wọ́n hú pèrègún náà, wọn kò sì gbin òmíràn, nítorí ilẹ̀ náà ti di ẹyọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ Àwẹ̀ró àti àwọn ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan ní Olóṣé bá rojọ́ tí àlàyé rẹ̀ kò kún tó, àwọn tó jókòó yóò wo ara wọn lójú, wọn yóò ní kí ó ka èyí tó kù. Ọ̀rọ̀ ìyá náà tàn dé ìlú mìíràn, ó sì di òwe lẹ́nu àwọn àgbà títí dòní pé: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.