Ìbọn Ọdẹ́jìmí tí Kò Ní Apátí

Òwe kan wà tí gbogbo wa gbọ́ dàgbà: "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun?" Apátí ni irin kékeré abẹ́ ìbọn tí ọdẹ máa ń fi ìka fà kí ìbọn tó dún. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa òwe náà, ṣé ẹ ti bi ara yín léèrè rí pé níbo ni wọ́n ti rí ìbọn tí kò ní apátí, àti pé ta ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ? Abúlé Ìdí-Àyán ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Orí alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ Ògúnríndé ló sì dé sí.

Ògúnríndé mọ iṣẹ́. Ọkọ́ tó bá rọ kì í tètè jẹ, ìbọn tó bá tún ṣe kì í dójú ti ọdẹ nínú igbó. Àlébù kan ṣoṣo ló ní: kò sí ohun tí ènìyàn lè gbé dé iwájú rẹ̀ tí yóò sọ pé òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ohun yòówù kó jẹ́, ìdáhùn rẹ̀ kò ju pé, "Èyí kì í ṣe nǹkan." Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, tó máa ń bá a fẹ́ ewìrì, ti kìlọ̀ títí ó ti sú u.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, ara Ògúnríndé kò balẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tuntun kan ti tẹ̀dó sí abúlé kejì, àwọn ọdẹ Ìdí-Àyán sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ ọkùnrin náà yá ju ti Ògúnríndé lọ. Bí àwọn ọdẹ bá fi lè kó ìbọn wọn lọ sọ́hùn-ún, ọkọ́ àti àdá nìkan ni yóò kù fún un, gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ tí ọdẹ kọ̀ sílẹ̀ kò ní orúkọ mọ́.

Àsìkò yìí gan-an ni Ọdẹ́jìmí gbé ìbọn rẹ̀ dé àgbẹ̀dẹ. Ọdẹ́jìmí ti bá òyìnbó kan tó ń wọn ilẹ̀ ru ẹrù fún ọdún méjì, nígbà tí òyìnbó náà sì ń lọ sílé, ó fi ìbọn kan ta á lọ́rẹ. Irú rẹ̀ kò tíì dé agbègbè náà rí. Irin kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ kọrọdọ bí etí ìkòkò. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ tì í síwájú, tó sì fà á padà, ọta tuntun ti bọ́ sí ojú ìbọn nìyẹn, yóò sì dún ṣàkìṣákì. Ọta méjìlá ló ń gbé nínú lẹ́ẹ̀kan. Ìdí èyí ni àwọn ará abúlé fi ń pè é ní Ṣàkìṣákì.

Ọdẹ mìíràn, Fágbèmí, wà ní àgbẹ̀dẹ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ìbọn ṣakabùlà tó jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Òun àti Ọdẹ́jìmí ni wọ́n jọ ń du oyè Aṣípa láàárín àwọn ọdẹ, Olúọdẹ tó jẹ́ olórí wọn sì ti sọ pé ọjọ́ ìpàdé tó ń bọ̀, tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, ni òun yóò fi í jẹ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di pé ìbọn ta ló dára jù nìyẹn. Ọdẹ́jìmí ní tòun fúyẹ́, òjò kò lè ba ẹ̀tù inú rẹ̀ jẹ́, kò sì sí pé à ń wá òkúta tí yóò ṣáná. Fágbèmí ní ṣakabùlà tòun wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá bàjẹ́ lónìí, Ògúnríndé yóò tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú; ta ni yóò tún ti òyìnbó ṣe?

"Fágbèmí," ni Ọdẹ́jìmí wí, "títí ìwọ yóò fi rọ ẹ̀tù, tí ìwọ yóò fi kì í, tí ìwọ yóò fi gbé e sí èjìká, ẹtu ti dé ilé àna rẹ̀, ó ti jẹun, ó ti ń dágbére."

"Òótọ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan ni tèmi ń dún. Ẹ ṣáà bá mi bi í pé ẹran mélòó ni méjìlá tirẹ̀ ti pa láti ìgbà tí a ti jẹ iṣu tuntun."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọdẹ́jìmí, nítorí ìbéèrè yìí gan-an ló gbé e wá sí àgbẹ̀dẹ. Apátí Ṣàkìṣákì le kọjá ààlà. Ìka kan kò lè fà á, méjì ló ń fẹ́, nígbà tí ìka méjèèjì bá sì fi máa fà á dé ibi tí yóò ti dún, ẹnu ìbọn ti yí sí ẹ̀gbẹ́ bí orí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ láti ẹ̀yìn. Ní oṣù tó kọjá, ẹtu ló yìn ín sí, ebè iṣu ló bà. Iṣu náà là sí méjì gbọọrọ, wọ́n gbé e wálé, láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kí i pé Ọdẹ Apaṣu.

Ó bi Ògúnríndé bóyá ó lè mú kí apátí náà dẹ̀. Ògúnríndé kò tíì fọwọ́ kan irú ìbọn bẹ́ẹ̀ rí. Ó wo Fágbèmí, ó rántí alágbẹ̀dẹ abúlé kejì, ó sì ní, "Èyí kì í ṣe nǹkan."

Ó kọ́kọ́ gbọn gbogbo ọta inú ìbọn náà sínú igbá, ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé igbá náà fún Àwẹ̀ró pé kó lọ tọ́jú rẹ̀ sí yàrá. Ó tú ìbọn, ó fi ayùn fá ibi tí apátí ti ń ha irin ẹgbẹ́ rẹ̀, ó fá a títí dọ́jọ́ kẹta. Nígbà tó tò ó padà, tó sì dán an wò, apátí ti dẹ̀ lóòótọ́. Ó ti dẹ̀ jù. Àwẹ̀ró sín níbi ewìrì, ìbọn náà sì ta kéú lórí pẹpẹ, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ìyàwó wo ọkọ. Ọkọ ní kì í ṣe nǹkan. Ó yọ apátí náà kúrò pátápátá, ó ní òun yóò rọ tuntun.

Tuntun kò yá bọ̀rọ̀. Ọ̀kan gùn jù, èkejì ṣẹ́. Ọjọ́ ìpàdé sì pé, kò tíì sí apátí.

Ọdẹ́jìmí kò lè fara da kó dé ìpàdé ní ọwọ́ òfo, ní ọjọ́ oyè. Ó gba ìbọn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìní apátí, ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì lọ jókòó láàárín àwọn ọdẹ ní àgbàlá Olúọdẹ.

Òfin kan wà láàárín ọdẹ Ìdí-Àyán tó ti wà kí a tó bí bàbá Olúọdẹ. Ẹnu ìbọn kì í kọjú sí ènìyàn. Ilẹ̀ ló ń wò, tàbí ọ̀run. Ẹni tó bá rú òfin náà yóò fi ajá kan bọ Ògún, kò sì gbọ́dọ̀ joyè lọ́dún náà. Ọdẹ́jìmí mọ òfin yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè nípa ìbọn rẹ̀, orí rẹ̀ wú. Ó fẹ́ fi irin kékeré tó wà ní imú ìbọn hàn wọ́n, èyí tí òyìnbó fi ń wo ọ̀kánkán. Ó gbé ìbọn sí èjìká, ó di ojú kan, ó sì ń yí díẹ̀díẹ̀ kó lè rí ohun tí yóò fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnu ìbọn gba orí ọdẹ méje kọjá, ó sì wá dúró sórí fìlà Olúọdẹ.

Nígbà tó la ojú kejì, kò sẹ́ni lórí àga mọ́. Olúọdẹ nìkan ló jókòó, nítorí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè sáré.

"Ọdẹ́jìmí," ni bàbá náà wí, "bóyá kó o tètè lọ wá ajá."

Ọdẹ́jìmí dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí bàbá má bínú, ìbọn náà kò ní apátí, kò ní ọta, kò sì yẹ kí wọ́n pè é ní ìbọn. Ó ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe Ògúnríndé kó wá jẹ́rìí. Fágbèmí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde lẹ́yìn odó, ní kí wọ́n pè é lóòótọ́, kí gbogbo wọn gbọ́.

Ògúnríndé dé pẹ̀lú apátí náà lọ́wọ́. Ó rí gbogbo ọdẹ abúlé tí wọ́n ń wò ó, ó sì mọ̀ pé orúkọ òun wà lórí ìwọ̀n. Ó gba àdá kan, ó fi ahọ́n kàn án, ó fi Ògún búra pé òun fọwọ́ ara òun yọ apátí yìí, òun fọwọ́ ara òun kó ọta ibẹ̀, ìbọn náà kò lè dún. Kó dúró síbẹ̀ ni ì bá dára. Ó fi kún un pé, "Ìbọn yìí kò yàtọ̀ sí ọmọ odó."

Olúọdẹ mi orí. "Ó dáa. Ẹnu ìbọn ni òfin wa sọ, kò sọ ẹnu ọmọ odó. Ògúnríndé, lọ dúró nídìí ọsàn yẹn. Ọdẹ́jìmí yóò dojú rẹ̀ kọ ọ́, a ó sì ka ení títí dé èje. Bí o bá dúró, ọmọ odó ni, ọ̀ràn tán, ó lè joyè. Bí o kò bá dúró, ìbọn ni."

Ògúnríndé rẹ́rìn-ín, ó ní èyí kì í ṣe nǹkan, ó sì lọ dúró. Ọdẹ́jìmí gbé ìbọn. Bí ó ti mọ́ ọn lára, ó ti irin abẹ́ rẹ̀ síwájú, ó fà á padà: ṣàkìṣákì. Fágbèmí bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"Ení."

Ògúnríndé wo ẹnu ìbọn. Kò tíì wo ìbọn láti ìhà ibẹ̀ rí. Ihò dúdú kan ni, kò tóbi ju ojú adìẹ lọ, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń wò.

"Èjì."

Ó fọwọ́ tẹ apátí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ̀ta."

Nígbà náà ni èrò kan wọ inú rẹ̀. Àwọn òyìnbó tó mọ bí ìbọn ṣe lè dún lẹ́ẹ̀mejìlá láìrọ ẹ̀tù, ṣé ó ṣòro fún wọn láti fi apátí kejì pamọ́ síbì kan nínú rẹ̀? Òun tó wí pé òun mọ̀ ọ́n, ta ló kọ́ òun?

Kò sẹ́ni tó gbọ́ "ẹ̀rin" lọ́dọ̀ Fágbèmí. Ògúnríndé ti gba àárín oko kókò Olúọdẹ kọjá, ó fo ọgbà, ó sì já sínú kòtò tí wọ́n ti ń po amọ̀ ilé. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, ó pọ́n láti orí dé àtàǹpàkò bí ògiri tí wọn kò tíì rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún sì dì pinpin.

Fágbèmí tẹríba wo ọwọ́ náà. "Alágbẹ̀dẹ, kí ló wà níbẹ̀?"

"Apátí ni."

"Ta ló yọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Kí lẹ wá ń sá fún, bàbá?"

Ògúnríndé nu amọ̀ kúrò lójú. "Orí mi mọ̀ pé kò lè dún. Ẹsẹ̀ mi ni kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo yọ ọ́."

Olúọdẹ rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó rí ẹ̀mí mí, ó yíjú sí Ọdẹ́jìmí, ó ní, "O gbọ́ lẹ́nu ẹni tó yọ ọ́. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun?" Ẹjọ́ parí síbẹ̀. Ọdẹ́jìmí ra ajá, Fágbèmí ló joyè Aṣípa. Ògúnríndé náà fi àkùkọ kan tu Ògún lójú nítorí ọmọ odó tó fi kún ìbúra.

Ó lọ sílé pẹ̀lú ìrònú pé iṣẹ́ òun ti parí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó rí Olúọdẹ ní ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, ó ń tẹ̀lé ọ̀pá bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé ìbọn ara rẹ̀ lọ́wọ́, ẹnu ìbọn náà ń wo ilẹ̀. Bàbá náà ní alágbẹ̀dẹ tó bẹ̀rù ìbọn tó fọwọ́ ara rẹ̀ tú kò ní gbàgbé ọta sínú ìbọn àwọn. Ó ní apátí tòun náà ń le díẹ̀, ṣé ó lè bá òun dẹ̀ ẹ́. Àwẹ̀ró tẹ́tí sílẹ̀ nídìí ewìrì. Ògúnríndé gba ìbọn, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná, bàbá."

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi máa ń pa òwe yìí títí di òní. Bí ẹnì kan bá ń fi ohun ewu ṣeré, tó ní eré lásán ni, tàbí tí alágbára bá ń halẹ̀ mọ́ ọmọ ẹlòmíràn, tí àwọn ènìyàn sì ń sọ pé kò lè ṣe é, wọ́n á ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí a má dá ẹni tó sá lẹ́bi, kí a sì kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó gbé ìbọn pé kó yí ẹnu rẹ̀ sí ilẹ̀.