Okùn Tí Alántakùn Gbé Sí Òsì

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já bọ́ bí èso àgbálùmọ̀, ó yí gbirigbiri, ó dúró lẹ́sẹ̀ Alántakùn, ẹni tí ó so afárá tí gbogbo ẹranko ń gbà kọjá odò.

Nígbàkígbà tí ó bá tún afárá ṣe, igbe kan náà ni í ké: "Mo ti tún un ṣe o, ó ti dára sí i!" Ó kọ́kọ́ fún okùn le, kò sẹ́ni tó fara pa. Lẹ́ẹ̀kejì, ó yọ igi kan nínú àwọn tí wọ́n ń tẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ Ìgalà kán. Ni àwọn ẹranko bá fi orin sí i. Ẹ bá mi gbè é:

Alántakùn, kí lo yí padà?
*Sọ ọ́ o, ká gbọ́.*
Ẹsẹ̀ wa ò lójú,
*Sọ ọ́ o, ká gbọ́.*

Ó ní, "Ta ló ráyè àlàyé?"

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé okùn ìdìmú láti ọ̀tún sí òsì, ó tún ké igbe àtijọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú kùrukùru, Òkété pọn ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ó gun afárá. Ó nawọ́ ọ̀tún bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, kò bá nǹkan kan. Ó ṣubú, ọ̀já tú, ọmọ já sódò, odò gbé e lọ.

Alántakùn sáré dé. Òkété bi í pé, "Kí lẹ yí padà, bàbá?"

"Okùn ìdìmú ti kúrò lọ́tùn-ún, ó wà lósì."

Òkété wò ó títí. "Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀hún nìyí? Kò gùn tó oríkì ọmọ mi."

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá yí nǹkan padà, ẹ dárúkọ ohun tí ẹ yí. Bí ẹ bá sì rí Òkété tó ń nawọ́ ọ̀tún sí afẹ́fẹ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Okùn àná ló ń wá.